Lọ́yà láti Ṣakí, ṣé Harvard tàbí Oxford á gbà á? Bọ́rọ̀ ṣe rí gan-an rèé

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́yà ní Ṣakí bi mí ní ìbéèrè kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bàbá ẹ̀ fẹ́ ta ilẹ̀ tí wọ́n fi ń dáko kajú lọ́nà Ìṣẹ́yìn, kí òun lè rówó lọ kàwé òfin kún ìwé ní Amẹ́ríkà. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n máa gba irú èmi yìí?" Mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ yìí ń jẹ lọ́kàn, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ìdáhùn ẹ̀ síbí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun téèyàn ń wá lọ gan-an. Tẹ́ ẹ bá ti gba LL.B ní fásitì, tẹ́ ẹ jáde ní Law School, tí wọ́n sì ti pè yín sí Bar, LL.M ló kàn. Ọdún kan ni wọ́n fi ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ńláńlá. Oxford ní tiwọn ò pè é ní LL.M o. Oríṣi méjì ni wọ́n ní: BCL wà fáwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ òfin bíi tàwọn Gẹ̀ẹ́sì, MJur wà fáwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ òfin bíi ti Faransé. Lọ́yà láti Ṣakí, BCL ni tiẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá sọdá bọ́dà, tẹ́ ẹ dé Parakou ní ilẹ̀ Benin, MJur ni ẹni tó kàwé òfin ní fásitì ibẹ̀ máa wá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó ṣì máa wúlò níwájú.

Báwo làyè ṣe pọ̀ tó?

Nǹkan bíi 180 èèyàn ni Harvard ń gbà sí LL.M lọ́dún kan, àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n sì ti ń wá lé ní 60. Ká ní wọ́n ń pín in dọ́gba, èèyàn mẹ́ta-mẹ́ta péré ló máa kan orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í pín in dọ́gba lóòótọ́, àmọ́ ìṣirò yẹn á jẹ́ kẹ́ ẹ mọ bí ẹnu ọ̀nà ṣe fún tó. Ti Yale tún le jùyẹn lọ. Nǹkan bíi 25 ni wọ́n ń gbà, àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ òfin ní fásitì ni wọ́n sì ń wá jù.

Èsì ìdánwò ńkọ́?

Oxford àti Cambridge sábà máa ń béèrè fọ́ọ̀sì kíláàsì. Lọ́dọ̀ wa níbí, ìyẹn ni 4.50 sókè nínú 5.00. Tó bá jẹ́ second class upper lẹ gbé jáde, ìyẹn 3.50 sí 4.49, ẹ má sunkún. LSE, UCL àti King's College ní London máa ń gba irú yín, pàápàá tí máàkì yín bá sún mọ́ òkè. Harvard ní tiwọn, gbogbo ìwé ẹni ni wọ́n ń wò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwọn tó wà lókè kíláàsì wọn lẹ jọ ń du àyè.

Ẹ sì má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé tí kì í bá ti í ṣe Harvard, ó ti parí. Unilag ni Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò ti gba LL.B lọ́dún 1978, ó gba LL.M ní LSE lọ́dún 1980, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì di igbákejì ààrẹ. Taslim Elias gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú òfin ní fásitì London lọ́dún 1949. Òun ló wá di ààrẹ ilé-ẹjọ́ àgbáyé tó wà ní The Hague láti 1982 sí 1985.

Kí lọmọ Ṣakí fi lè ta yọ?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ lọ́yà wa ti ń ṣe àṣìṣe. Wọ́n á kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé láti kékeré làwọn ti fẹ́ràn ìdájọ́ òdodo. Gbogbo ayé ló ń kọ ìyẹn! Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Òkè-Ògùn ti rí ohun tí ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Victoria Island ò rí: ẹjọ́ àgbẹ̀ àti darandaran, òfin tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe lọ́dún 2019 lórí fífi ẹran jẹko ní gbangba, wàhálà ilẹ̀ ẹbí àti Land Use Act ọdún 1978, ẹjọ́ ọjà tó ń gba bọ́dà kọjá. Ẹ mú ọ̀kan nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ibi tí òfin ti kù díẹ̀ káàtó àti ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lọ kọ́ láti fi tún un ṣe.

Ti lẹ́tà ìjẹ́rìí náà wà ńbẹ̀. Olùkọ́ tó ka iṣẹ́ yín dáadáa sàn ju SAN tó kàn mọ orúkọ bàbá yín lọ. Ẹ sì tètè bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè transcript yín, torí ìwé yẹn lè rìn bí ìgbín, ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá sì ni Harvard ń ti ilẹ̀kùn. Tí éjẹ́ǹtì kan bá ní òun lè fi owó ra àyè fún yín níbẹ̀, olè ni.

Ọ̀rọ̀ owó

Owó ilé-ẹ̀kọ́ Harvard nìkan ju 70,000 dọ́là lọ, a ò tíì ka ilé àti oúnjẹ mọ́ ọn. Wọ́n máa ń ṣèrànwọ́ fún ẹni tí owó ẹ̀ ò tó, àmọ́ kì í sábà gbé gbogbo ẹ̀ tán. Tìlú Ọba ló rọrùn díẹ̀: Chevening máa ń san gbogbo owó ọdún kan, tẹ́ ẹ bá ti ṣiṣẹ́ tó ọdún méjì, tẹ́ ẹ sì gbà láti padà wálé fún ọdún méjì ó kéré tán. Rhodes àti Clarendon wà ní Oxford, Gates Cambridge wà ní Cambridge.

Kẹ́ ẹ tó ta ilẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí lẹ fẹ́ fi oyè náà ṣe. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ lọ́yà ní New York lẹ ń wá, òfin ibẹ̀ gbà kí ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ òfin irú ti Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ̀kọ́ ẹ̀ sì bá tiwọn dọ́gba, jókòó ṣe ìdánwò Bar láì ṣe LL.M. Ìgbìmọ̀ ìdánwò wọn ló ń yẹ ìwé ẹnì kọ̀ọ̀kan wò. Ará Parakou ọjọ́sí ni LL.M pọn dandan fún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, láti ọdún 2021, SQE ni ìdánwò tí lọ́yà ilẹ̀ òkèèrè ń ṣe láti di sọ̀lísítọ̀. Wọn ò béèrè LL.M.

Àbúrò mi ní Ṣakí ní second class upper, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Mo sọ fún un pé kó kọ̀wé sí London, kó gba fọ́ọ̀mù Chevening, kó sì fi ìwé ẹ̀ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ New York kó gbọ́ tẹnu wọn. Harvard náà, kó gbìyànjú ẹ̀ tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n kí bàbá má tíì fọwọ́ síwèé ilẹ̀ kankan. Igi kajú ṣì ń so.