Gígé àti Fífàtu: Àlàyé lórí Ìgbìn àti Ìkórè Ewédú ní Àkùrọ̀ Agbabu

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí ni láti ṣàlàyé bí a ṣe ń gbin ewédú àti bí a ṣe ń kórè rẹ̀, kí a sì fi hàn pé ọ̀nà ìkórè ni ó yẹ kí ó pinnu ọ̀nà ìgbìn. Agbabu, létí Odò Olúwa ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Bitumen, ọ̀dà dúdú tí ó ń sun jáde nínú ilẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ìlú náà mọ́. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1914 ni àwọn òyìnbó ti ń gbẹ́ ilẹ̀ wá a ní agbègbè náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ ni ó ń wọ inú ìkòkò lójoojúmọ́, ẹni tí ó bá sì ṣi ọ̀nà ìkórè rẹ̀ gbà lè fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ṣe iṣẹ́ òfo.

2. Irúgbìn

Èèpo hóró ewédú le, omi kì í tètè ráyè wọ inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí hóró tí a kàn fọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fi lè pẹ́ nínú ilẹ̀ láì hù. Ohun tí a ń ṣe sí i ni pé a ó di irúgbìn sínú aṣọ, a ó tì í bọ inú omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó tí a ti sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, a ó sì fà á yọ kí a tó ka ení dé ẹ̀wá. Lẹ́yìn náà ni a ó rì í sínú omi tútù, tí a ó sì sá a. Ooru ni ó ń la èèpo náà. Bí ó bá pẹ́ jù, ooru kan náà ni yóò pa ẹ̀mí inú rẹ̀. Nítorí pé hóró náà kéré, a máa ń po iyanrìn gbígbẹ mọ́ ọn kí ó lè tàn káàkiri orí ebè.

3. Ọ̀nà ìkórè méjì

Ẹni tí yóò fa ewédú tu a máa fọ́n irúgbìn rẹ̀ kí ó pọ̀. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún, a ó fà á tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, a ó dì í ní ìdì, ilẹ̀ á sì ṣófo fún ohun mìíràn. Ẹni tí yóò gé e ní tirẹ̀ ní láti fi àyè nǹkan bí 20 sí 30 sẹ̀ntímítà sí àárín igi kan àti èkejì. Yóò gé orí rẹ̀, yóò sì fi kùkùté nǹkan bí 20 sẹ̀ntímítà sílẹ̀. Ọ̀mùnú orí igi ni ó ń dí àwọn ọ̀mùnú ẹ̀gbẹ́ lọ́wọ́. Bí a bá ti gé e kúrò, ẹ̀ka á yọ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta a ó tún gé e. Ajílẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ́n lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí à ń wá lára igi náà ni ó ń sọ ìrísí rẹ̀. Ní Bangladesh àti Íńdíà, èèpo ara igi yìí kan náà ni wọ́n fi ń ṣe àpò ìdọ̀họ. Nítorí náà ni wọ́n fi ń gbìn ín kí ó fún mọ́ra, tí wọn kì í gé e lórí, kí ó lè ga láì yẹ̀ka.

4. Àkókò àti ilẹ̀

Ewédú jẹ́ ohun ọ̀gbìn tí gígùn ojúmọmọ ń darí. Bí ojúmọmọ bá ti kúrú, a tètè tanná, ewé rẹ̀ a sì kéré. Ní apá ilẹ̀ wa yìí, ojúmọmọ oṣù Kejìlá kò pé wákàtí 12, ti oṣù Kẹfà sì tó wákàtí 12 àti ààbọ̀. Ìyàtọ̀ kékeré yìí tó fún ewédú. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni omi ń fà kúrò ní àkùrọ̀ tí ilẹ̀ ibẹ̀ ń ṣeé gbìn. Ẹni tí ó bá gé ewédú nígbà náà, tí ó ń retí ẹ̀ka tuntun, òdòdó àti èso ni yóò bá lórí ẹ̀ka náà.

Fífàtu tún ní àǹfààní mìíràn: a ń rí gbòǹgbò. Bí ó bá ní kókó lára, àwọn aràn wẹ́wẹ́ inú ilẹ̀ ti wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí a tún gbin ewédú tàbí ilá, tí í ṣe ìbátan rẹ̀, sí ojú kan náà ní sáà tí ó tẹ̀lé e. Kí a yẹra pẹ̀lú fún ibi tí ọ̀dà bá ti bo ojú ilẹ̀, nítorí omi kì í ráyè wọlé níbẹ̀.

5. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn kan lè sọ pé òfò ni fífàtu, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń kórè. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí lórí ilẹ̀ òkè nígbà òjò, tí ojúmọmọ gùn. Gígé ni ó pé níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: kí a fọ́n ọn kí ó pọ̀, kí a fà á tu kí ó tó tanná, kí a sì tún òmíràn fọ́n. Kí a fi igun ebè kan sílẹ̀ láì fọwọ́ kàn án. Òdòdó àìpẹ́ tí ó ń ba ọjà ewé jẹ́ ni yóò so èso níbẹ̀. Bí èso náà bá ti gbẹ, kí a ká a kí ó tó là, kí hóró má baà dànù. Ẹni tí ó bá ta gbogbo ewé rẹ̀ tán yóò ra irúgbìn nígbà tí òjò bá dé.