Epo gbówó lórí, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ ológeere jáde l'Ábúlé Adó, ni ìbàdí bá yarí: Ohun tó ń fà á àti ọ̀nà àbáyọ rèé o

Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún, ọdún 2023, ni nǹkan ò ti rí bákan náà mọ́ fẹ́ni tó ń wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó. Epo tí wọ́n ń ta ní nǹkan bíi igba náírà dín díẹ̀ di 488 náírà nílé epo NNPC l'Ékòó kóṣù náà tó parí. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹwàá, ọdún 2024, ó ti di 998 náírà, owó ọkọ̀ náà ò sì dúró sójú kan. Ibẹ̀ làwọn kan ní Abúlé Adó, Festac àti Amúwó-Ọ̀dọ̀fin ti rántí kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n ti gbé ti ògiri ẹ̀yìnkùlé láti bí ọdún márùn-ún, mẹ́wàá. Wọ́n nu eruku ara ẹ̀, wọ́n fún táyà láfẹ́fẹ́, wọ́n fi òróró sí ṣéènì, ó di títì.

Ọjọ́ kìn-ín-ní dùn bí oyin. Afẹ́fẹ́ àárọ̀ ń fẹ́ yẹ́ẹ́, èèyàn ń kọjá lára àwọn tó tò sí bọ́sítọ́ọ̀pù, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọjọ́ kejì náà ò burú. Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni bàbá fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ló bá ké pé, "Yéè, ìbàdí mi o!" Ìyàwó á ní ṣebí òun ti sọ fún un pé kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ìyá alágbo ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Aládùúgbò kan ní làkúrègbé ni. Ẹlòmíì tiẹ̀ máa rọra yọ́ ọ sọ létí pé kó lọ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, torí ayé lè ti ta á lọ́fà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ̀kẹ́ á tún ti padà sẹ́yìnkùlé.

Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ọ̀tá kankan nídìí ọ̀rọ̀ yìí ju pé ẹni náà fi ara tó ti sinmi fọ́dún mẹ́wàá ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ìrora ìbàdí kan wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ rárá, tẹ́ni tó bá fi òróró pa á lásán máa kábàámọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ló yẹ kéèyàn mọ̀.

Kí ló dé tó jẹ́ ìbàdí ló ń kọ́kọ́ pariwo?

Orí egungun itan rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, inú ihò kan lára egungun ìbàdí ló jókòó sí, ibẹ̀ ló ti ń yí. Gbogbo ìgbà tẹ́sẹ̀ bá ti fi pẹ́dà yí po lẹ́ẹ̀kan, ìbàdí á ká, á sì nà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀. Ẹni tó ń yí pẹ́dà ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, tó wa kẹ̀kẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré, ìbàdí ẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ká, ó ti nà, nígbà 1,800 nìyẹn. Tó bá lọ, tó bọ̀, ó di 3,600. Ìbàdí tí kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ látọdún 2015, ṣé kò ní pariwo?

Tún wá wo irú ìgbé ayé tí ará Èkó ń gbé. Ó jókòó nínú dáńfó, ó jókòó ní ọ́fíìsì tàbí ní ṣọ́ọ̀bù ní Tíréèdì Féà látàárọ̀ dalẹ́, ó tún délé, ó jókòó ti tẹlifíṣàn. Iṣan iwájú ìbàdí tí kì í ráyè nà á sún kì, á le gan-in. Èyí tó wà nídìí, tó yẹ kó máa ti pẹ́dà, á ti rọ nítorí àìṣiṣẹ́. Ni èyí tó ti le á bá máa ṣe iṣẹ́ tiẹ̀ mọ́ tèyí tó ti rọ. Ibẹ̀ ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni pé èémí máa ń tètè padà. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ tẹ́lẹ̀ ò ní mí bẹ́ẹ̀ mọ́, á wá rò pé òun ti padà sípò. Ṣùgbọ́n iṣan tó so ẹran mọ́ egungun kì í kánjú ní tiẹ̀. Oṣù ló fi ń le, kì í ṣe ọjọ́. Èémí ti ṣe tán, ìbàdí ò tíì ṣe tán, ẹni tó bá sì tẹ̀ lé èémí ló máa jìyà ẹ̀.

Ẹ wo ìjókòó kẹ̀kẹ́ kẹ́ ẹ tó bú ìbàdí

Kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ń gùn, ẹni tí wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é fún lè ga jù wọ́n lọ tàbí kó kúrú jù wọ́n lọ. Bí ìjókòó bá wálẹ̀ jù, orúnkún á máa sún mọ́ àyà, ìbàdí á ká jù, ìrora á sì mú èèyàn níwájú, níbi tí itan ti pàdé ara. Bó bá ga jù, ìdí á máa yí sọ́tùn-ún yí sósì kẹ́sẹ̀ tó lè tó pẹ́dà, ìrora á wá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, débi pé ẹni náà ò ní lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n rèé. Ẹ fi ọwọ́ kan di ògiri mú, ẹ jókòó sórí kẹ̀kẹ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kí pẹ́dà kan wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ fi gìgísẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìdí yẹ̀ sápá kan. Bẹ́ ẹ bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ lé e, bẹ́ ẹ ṣe máa ń wà á gan-an, orúnkún á ká díẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, sípánà oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ló máa yanjú ẹ̀, kì í ṣe agbo. Ẹ má gbé e sókè gọ̀ọ̀rọ̀gọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o. Bí ìdajì ìka, kẹ́ ẹ wà á fún ọjọ́ mélòó kan, kẹ́ ẹ tó tún un ṣe.

Bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bá jìnnà jù tàbí tó wálẹ̀ jù, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e sókè, torí ẹni tó bá tẹ̀ kòòkò ń fún ìbàdí ẹ̀ pọ̀ ni. Bí kẹ̀kẹ́ bá ní jíà, èyí tó fúyẹ́ ni kẹ́ ẹ lò. Kẹ́sẹ̀ máa yí wéréwéré sàn ju kéèyàn máa fi gbogbo agbára ti pẹ́dà bí ẹni tó ń ti mọ́tò tó takú.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ ìsinmi máa wà láàárín. Kì í ṣe Màrọsẹ̀ Badagry tí tírélà ti ń sáré làwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Inú Festac wà níbẹ̀, tí wọ́n kọ́ fáwọn àlejò tó wá síbi àjọ̀dún àṣà adúláwọ̀ ní 1977. Àwọn òpópónà ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè. Àárọ̀ kùtù ló dáa jù níbẹ̀, kí akoto sì wà lórí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa fi bí ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá jẹ́ 60 ìṣẹ́jú lẹ wà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí, 66 ló kàn, kì í ṣe 120. Ẹni tó fẹ́ máa wa kẹ̀kẹ́ láti Abúlé Adó dé Mile 2 lọ wọ ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣí fún èrò lóṣù kẹsàn-án, ọdún 2023, lè débẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Òfin kan wà tó rọrùn. Bí ìrora bá wà díẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, tó sì ti lọ kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, kò séwu, ẹ máa bá a lọ. Bó bá tún le sí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ti ṣe jù nìyẹn, ẹ dín in kù sí ìdajì. Ẹ má wulẹ̀ dùbúlẹ̀ kalẹ̀ fún oṣù kan o, torí ìbàdí tí kò bá mira rárá, líle ló tún ń le sí i.

Ẹ máa ṣe eré ìdárayá yìí nílé, lórí ẹní. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún sókè, ẹ gbé ìdí kúrò nílẹ̀, ẹ ka ení dé àrún, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà mẹ́wàá. Ẹ tún fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, kẹ́ ẹ máa gbé ẹsẹ̀ òkè sókè sódò nígbà mẹ́wàá. Lákòótán, ẹ fi orúnkún kan kúnlẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kejì síwájú, kẹ́ ẹ rọra ti ìbàdí síwájú títí tí iwájú itan á fi nà, kẹ́ ẹ wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Èyí ló ń tú iṣan tí ìjókòó ti sọ di líle.

Robb tàbí Aboniki lè mú kí ara tù. Àmọ́ kéèyàn máa gbé ibuprofen mì kó tó gun kẹ̀kẹ́, bí ẹni tó ń fi aṣọ bo iná lójú ni. Oògùn náà ò ní jẹ́ kó mọ̀ pé òun ń ṣe ara òun léṣe. Fún ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín, oògùn yẹn tún lè dá wàhálà mìíì sílẹ̀.

Ìrora tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́

Nàìjíríà ni àrùn ẹ̀jẹ̀ SS, fòníkú-fọ̀ladìde, ti pọ̀ jù lágbàáyé. Ẹ̀jẹ̀ tó ká kọ́rọkọ̀rọ yìí máa ń dí òpó tóóró tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí orí egungun itan. Egungun tí kò bá rí ẹ̀jẹ̀ á kú, bọ́ọ̀lù tó rí roboto yẹn á rún wọlé. AVN làwọn dókítà ń pè é. Kì í sì í ṣe onísàn SS nìkan ló ń mú. Ẹni tó ń mutí lámujù, ẹni tó fi ìbàdí ṣubú gan-an, àtẹni tó ń lo oògùn sìtẹ́rọ́ọ̀dù fúngbà pípẹ́ lè ní in. Ìdí nìyẹn téèyàn ò fi gbọ́dọ̀ máa ra àpòpọ̀ oògùn tí kò mọ orúkọ ẹ̀ ní kẹ́míìsì.

Ọ̀rọ̀ náà ò yọ òyìnbó sílẹ̀. Floyd Landis, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré jẹun, ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ ní 2003, egungun itan ẹ̀ ṣẹ́ níbi ìbàdí, orí egungun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Inú ìrora yẹn ló fi gba ipò kìn-ín-ní nínú Tour de France 2006, kí wọ́n tó gba ife náà lọ́wọ́ ẹ̀ torí oògùn olóró tí wọ́n bá lára ẹ̀. Lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, tí wọ́n fi irin sí ìbàdí ẹ̀. Ní 2009, ó ti padà sórí kẹ̀kẹ́, ó ń bá wọn díje. Kẹ̀kẹ́ kọ́ ni ọ̀tá ìbàdí, kéèyàn má tètè mọ ohun tó ń ṣe ìbàdí ni.

Nítorí náà, bí ìrora bá wà nínú abẹ́ itan tí kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tẹ́ ẹ ti dín kẹ̀kẹ́ kù, tó ń jí yín lóru, tẹ́ ẹ ti ń tiro, tí ibà bá a wá, tàbí tẹ́ ẹ ṣubú tẹ́ ẹ ò lè tẹ ẹsẹ̀ nílẹ̀ mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn. Onísàn SS ò gbọ́dọ̀ dúró de ọ̀sẹ̀ méjì rárá. Ilé ìwòsàn eléegun ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìgbóbì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945 nítorí àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ lógun àgbáyé kejì. Àjọ Sickle Cell Foundation náà wà ní Ìdí-Àràbà, níwájú LUTH. Bí fọ́tò X-ray àkọ́kọ́ ò bá fi nǹkan kan hàn, tí ìrora ò sì lọ, ẹ béèrè MRI lọ́wọ́ dókítà, torí ìbẹ̀rẹ̀ àrùn yìí kì í hàn nínú X-ray. Bí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n lè gba bọ́ọ̀lù náà là. Bó bá ti rún, ó lè di kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, owó ńlá sì nìyẹn.

Ẹni tí kò bá sí nínú àwọn tá a kà yìí, kó lọ tún ìjókòó kẹ̀kẹ́ ẹ̀ ṣe, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́la, kó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.