Ẹsẹ̀ Adìẹ Ni Ẹlẹ́rìí: Ilẹ̀ Ilé Adìẹ àti Àlàáfíà Adìẹ Ẹran

Àwọn àgbà a máa wí pé adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí á mọ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ẹranko fi yé ni pé adìẹ kò ní ihò òógùn rárá. Bí ooru bá mú un, ẹnu ni í là, tí í sì í máa mí helehele. Ṣùgbọ́n òwe náà kò yẹ̀ nítorí èyí. Ìnira adìẹ a máa pamọ́ fún ẹni tí ń wò ó láti òkè. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìgbésí ayé rẹ̀ ti rí ní láti gbé e sókè, kí ó yí i padà, kí ó sì wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìtàn ilẹ̀ tí ó gbé lórí rẹ̀ wà.

Adìẹ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kì í ṣe adìẹ ìbílẹ̀ tí í jẹ̀ káàkiri àgbàlá, tí í sì í fò gun igi nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Adìẹ ẹran ni, èyí tí àwọn olùsìn ń pè ní bírọ́ílà. Ní ọjọ́ tí ó jáde nínú ẹyin, kò wúwo ju nǹkan bí 40 gíráàmù lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ 5 sí 6, ó ti ju kílógíráàmù 2 lọ. Inú ilé kan náà ni ó ti ń lo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ilẹ̀ ilé náà ni ibùsùn rẹ̀, ibẹ̀ ni pápá ìṣeré rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ilé ìgbẹ́ rẹ̀. Bí ó ti ń wúwo sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn rẹ̀ ń dínkù, tí ó fi jẹ́ pé ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn, ìdùbúlẹ̀ ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ rẹ̀. Nítorí náà, kò sí ohun tí ara rẹ̀ ń fara kàn tó ilẹ̀ yìí.

Olùsìn kì í fi adìẹ sórí sìmẹ́ńtì lásán. Ohun gbígbẹ kan ni í tẹ́ sórí rẹ̀, èyí tí a lè pè ní ìtẹ́lẹ̀. Èérún pákó ni ó wọ́pọ̀; àwọn mìíràn ń lo ìyẹ̀fun pákó, èèpo ìrẹsì, èèpo ẹ̀pà, tàbí koríko àlìkámà tí a gé wẹ́wẹ́. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ìtẹ́lẹ̀ ń ṣe. Èkínní, ó ń fa omi inú ìgbẹ́ mu. Èkejì, ó ń dáàbò bo òròmọdìẹ lọ́wọ́ òtútù ilẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé ó ń jẹ́ kí adìẹ lè ṣe ìṣe adìẹ. Ẹni tí ó bá ti rí adìẹ ìbílẹ̀ tí ń yí nínú eruku lẹ́yìn ilé ní ọ̀sán gangan yóò mọ̀ pé kì í ṣe eré lásán. Bẹ́ẹ̀ ni í ṣe ń tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe, tí í sì í ń gbọn ọ̀rá tí ó pọ̀ jù àti kòkòrò dànù. Adìẹ ẹran kò gbàgbé ìṣe yìí. Bí ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ, tí ó sì fúyẹ́, yóò tan, yóò sì yí. Bí ó bá rin, tí ó sì dì bí àkàrà tó ti sùn, kò lè ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Báwo ni ìtẹ́lẹ̀ ṣe ń bàjẹ́? Omi ni ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Omi tí adìẹ ń mu a máa tó bí ìlọ́po 2 ìwọ̀n oúnjẹ tí ó ń jẹ, apá púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń padà sórí ilẹ̀. Adìẹ kì í tọ̀ lọ́tọ̀. Ohun funfun tí í wà lórí ìgbẹ́ rẹ̀ ni ìtọ̀ rẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń bẹ nínú ìtẹ́lẹ̀ ni ó ń sọ ohun funfun yìí di amóníà, òórùn tí í ta ni nímú bí a bá ṣí ilẹ̀kùn ilé adìẹ tí a kò tọ́jú. Nígbà tí ìtẹ́lẹ̀ bá gbẹ, iṣẹ́ àwọn kòkòrò wọ̀nyí a falẹ̀. Nígbà tí ó bá rin, tí ó sì lọ́wọ́ọ́wọ́, wọn a gbilẹ̀.

Ohun tí ó ń tẹ̀lé e kò ṣe é fojú kéré. Àtẹ́lẹsẹ̀ adìẹ tí ó dúró nínú ọ̀rinrin a kọ́kọ́ rọ̀, lẹ́yìn náà a dúdú, a sì di egbò. Irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa wà ní oríkèé ẹsẹ̀ tí ó fi ń jókòó, a sì máa wà ní àyà rẹ̀ pẹ̀lú. Adìẹ tí ẹsẹ̀ ń dùn kì í fẹ́ rìn lọ sí ìdí oúnjẹ àti omi. Bí kò bá sì rìn, ojú kan náà ni yóò máa dùbúlẹ̀ sí, ọgbẹ́ náà yóò sì máa jinlẹ̀. Amóníà ń ta ojú rẹ̀, ó sì ń ba ọ̀nà èémí rẹ̀ jẹ́, tí àrùn fi ń rí ọ̀nà wọlé. Inú ọ̀rinrin yìí kan náà ni ẹyin àwọn kòkòrò tí í fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ti ń dàgbà di ohun tí ó lè ran adìẹ mìíràn.

Àríyànjiyàn kan ti wà fún ìgbà pípẹ́ láàárín àwọn tí ọ̀rọ̀ àlàáfíà ẹranko jẹ lógún. Ọ̀pọ̀ gbà pé àpọ̀jù adìẹ nínú ilé kan ni olórí ìṣòro. Ní ọdún 2004, Marian Dawkins ti Yunifásítì Oxford àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature. Ilé-iṣẹ́ 10 ni wọ́n bá ṣiṣẹ́, iye adìẹ tí ọ̀rọ̀ náà sì kàn jẹ́ mílíọ̀nù 2.7. Wọ́n kó adìẹ jọ ní ìwọ̀n márùn-ún, láti kílógíráàmù 30 títí dé 46 sí mítà kan níbùú lóòró. Àbájáde náà ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Òótọ́ ni pé níbi tí wọ́n ti fún jù, adìẹ ń gbún ara wọn, ìdàgbàsókè wọn ń falẹ̀, ìrìn wọn kò sì dára tó. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín olùsìn kan àti èkejì ju ìyàtọ̀ tí iye adìẹ mú wá lọ. Ọ̀rinrin ìtẹ́lẹ̀, amóníà, ooru àti ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ sì wà lára ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà. Èyí kò dá ẹni tí ń há adìẹ mọ́lẹ̀ láre. Ohun tí ó wí ni pé fífún adìẹ ní àyè nìkan kò tó, bí àyè náà bá jẹ́ ẹrọ̀fọ̀.

Òfin ti ń tẹ̀lé ìmọ̀ yìí. Òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní ọdún 2007 pàṣẹ pé gbogbo adìẹ ẹran gbọ́dọ̀ wà lórí ìtẹ́lẹ̀ tí òkè rẹ̀ gbẹ, tí ó sì ń tú. Olùsìn tí ó bá fẹ́ kó ju kílógíráàmù 33 lọ sí mítà kan níbùú lóòró gbọ́dọ̀ rí i pé amóníà kò ju ìdá 20 nínú mílíọ̀nù kan lọ ní ibi tí orí adìẹ dé. Àwọn ará Swídìn ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1994 láti máa yẹ ẹsẹ̀ adìẹ wò ní ilé ìpẹran. Dẹ́ńmáàkì náà tẹ̀lé e. Ẹsẹ̀ 100 ni wọ́n ń yẹ̀ wò nínú agbo kọ̀ọ̀kan, wọ́n a sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí kò ní egbò, èyí tí egbò rẹ̀ kéré, àti èyí tí tirẹ̀ jinlẹ̀. Olùsìn lè parọ́, ìwé àkọsílẹ̀ lè parọ́. Ẹsẹ̀ adìẹ kì í parọ́.

Olùsìn kò nílò ẹ̀rọ olówó iyebíye láti mọ bí ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ti rí. Kí ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ó fún un mọ́ ọwọ́, kí ó sì la ọwọ́. Bí ó bá dì bí òkèlè ẹ̀bà, omi ti pọ̀ jù. Bí ó bá tú ká bí ìyẹ̀fun lójú ẹsẹ̀, ó ti gbẹ jù, eruku rẹ̀ yóò sì máa wọ imú adìẹ àti olùsìn. Èyí tí ó dì díẹ̀, tí ó sì tú nígbà tí ọwọ́ là, ni ó dára. Kí ó tẹ́ ẹ nípọn tó. Kí ó wo abẹ́ ìmumi lójoojúmọ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rinrin ti í bẹ̀rẹ̀. Kí ó kó èyí tí ó bá dì kúrò, kí ó sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí ó sì jáde.

Ìmọ̀ràn yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ilé ìlagi kò wọ́n níbẹ̀, èérún pákó kò sì ṣòro í rí. Ṣùgbọ́n wáyà ni wọ́n fi yí ọ̀pọ̀ ilé adìẹ ibẹ̀ ká, ìjì òjò sì lè fẹ́ omi wọlé ní alẹ́ kan ṣoṣo kí ó ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ́. Òrùlé tí ó gùn síta àti aṣọ tapólì tí a lè fà bo ẹ̀gbẹ́ ilé nígbà òjò, tí a sì lè ká nígbà tí ó bá dá, jẹ́ ìtọ́jú ẹsẹ̀ adìẹ gẹ́gẹ́ bí oògùn ti jẹ́.

Ìyẹ́ yóò máa bo ìnira adìẹ títí láé. Kò sí ìyẹ́ ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ wò ó kò ní lè wí pé òun kò mọ̀.