Bí A Bá Ṣe Àṣìṣe, Ẹ Jẹ́ Kí Á Tètè Sọ Ọ́

Ẹ̀yin ará wa lọ́kùnrin lóbìnrin ní Ekiadolor àti agbègbè rẹ̀, bí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa bá jáde, ojú ewé ìròyìn ìdílé ni púpọ̀ nínú wa ń kọ́kọ́ ṣí. Níbẹ̀ ni a ti ń kà pé lágbájá kọ́lé, pé tàmẹ̀dò kó ọmọ jáde, inú wa a sì máa dùn. Ṣùgbọ́n n kò tí ì rí i kí ẹnìkan kọ síbẹ̀ pé, "Mo pinnu nǹkan kan lọ́dún tí ó kọjá, mo sì ṣe àṣìṣe." Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilé tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí rí.

Kí n fi ti ara mi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ìhín, oko rọ́bà bàbá kan, ọmọ ilẹ̀ yìí, ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Igi rọ́bà kì í ṣe igi ìkánjú: ó ń tó ọdún 6 tàbí 7 kí ó tó ṣe é fá. Èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a ń fi ọ̀bẹ fá kí oje lè ṣàn sínú ife. Bí ọ̀bẹ bá jìn jù, egbò dé nìyẹn. Ojú ibẹ̀ yóò wú kókó. Èmi rò pé bí mo bá fá a jìn, oje yóò pọ̀. Ní ọjọ́ kẹta mo rí i pé mo ti ṣe igi bíi mẹ́wàá léṣe. Ìtìjú mú mi, mo dákẹ́, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Kí bàbá tó wá wo oko, igi tí ó gbọgbẹ́ ti di ọgọ́ta.

Kò lé mi. Ó ní, "Ọmọ mi, mẹ́wàá àkọ́kọ́, àìmọ̀ ni. Àádọ́ta tí ó kù, ìdákẹ́ ni." Ó gba ọ̀bẹ, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ mi. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, èèpo tuntun bo àwọn igi tí a fá dáadáa, a sì tún fá wọn. Àpá àwọn tí mo ṣe léṣe kò parẹ́.

Àwọn ẹni ńlá pàápàá ṣe àṣìṣe. Olóògbé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí a bí ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1909, ra kòkó tà, ó sì fi ọkọ̀ ṣòwò, kí ó tó di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954. Òwò náà dojú dé, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kò jókòó ti àdánù náà. Ó kàwé nílé títí ó fi gba oyè nínú ẹ̀kọ́ ìṣòwò. Ní 1944 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ òfin, ó sì di lọ́yà ní 1946. Nígbà tí ó sì kọ ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní 1960, kò fi òwò tí ó bàjẹ́ náà pamọ́.

Kí ni ó wá yẹ kí àwa náà fi pamọ́? Ó wà láàárín wa ẹni tí ó fi owó ilẹ̀ ra ọjà tí kò tà, tí kò sì délé láti ìgbà náà. Ìyá rẹ̀ rò pé ọmọ ti gbàgbé òun ni. Kò mọ̀ pé ìtìjú ni ó so ó mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ wa náà ń wò wá. Bí ọmọ bá yan iṣẹ́ tí kò bá a mu, tí ó sì wá sọ, ẹ má ṣe fi kọrin fún un, kí ó má baà dákẹ́ nígbà mìíràn.

N kò sọ pé kí á máa ṣe nǹkan láìbéèrè. Ẹni tí ó ṣe àṣìṣe kan náà léraléra kò tí ì kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní, bí a kò bá ṣubú, a kì í mọ ẹrù ú dì. Ẹni tí ó ṣubú, kí ó ké sí ará, kí á bá a tún ẹrù dì, kí á sì gbé e rù ú.

Ìwọ arákùnrin wa tí mo ń bá wí, lọ kí ìyá rẹ. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé.