Ìwé Fágúnwà Nínú Sinimá: Ṣé Katúùnù Ni Ká Fi Ṣe É Tàbí Ènìyàn Gidi?



Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a bí sí Àbújá níbí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé ìwé, wọ́n a sì máa gbọ́ Hausa díẹ̀díẹ̀ lọ́jà. Ìtàn iwin àti àǹjọ̀nú tí àwa gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà, orí tẹlifíṣàn ni àwọn ti ń pàdé irú rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè òkè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Ọ̀nà tí a bá gbà sọ àwọn ìwé ìtàn wọ̀nyí di fíìmù ni yóò pinnu ohun tí ọmọ wa yóò mọ̀ nípa wọn.

Ibi tí ìṣòro wà

Ní 1938 ni ìwé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, kọ, jáde. Ní 1952, wọ́n tẹ The Palm-Wine Drinkard ti Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, ní Lọ́ńdọ́nù. Nínú ti Fágúnwà, ọdẹ Àkàrà-ògùn wọ̀yá ìjà pẹ̀lú Agbákò, ẹni tí ojú mẹ́rìndínlógún yí orí rẹ̀ ká. Nínú ti Tutùọlá, ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé arẹwà ọkùnrin kúrò lọ́jà. Bí wọ́n ti ń lọ, ọkùnrin náà ń dá ẹ̀yà ara tó yá padà fún àwọn tó ni wọ́n, títí ó fi ku agbárí nìkan.

Nígbà tí a bá ń ka irú nǹkan báyìí, olúkúlùkù ló ń ya Agbákò tirẹ̀ sínú ọkàn. Nígbà tó bá di fíìmù, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò pinnu àwọ̀ rẹ̀, ìrìn rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ fún gbogbo wa.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbé e sórí ìtàgé

Ènìyàn gidi ni àwọn aṣáájú wa lò. Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ìwé Tutùọlá sórí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní èdè Yorùbá. Demas Nwoko ló ṣe iṣẹ́ ọnà ìtàgé náà. Ní FESTAC ọdún 1977, Langbodo, eré tí Wálé Ògúnyẹmí fa yọ láti inú Ògbójú Ọdẹ, ni Nàìjíríà gbé kalẹ̀.

Kò yà wá lẹ́nu pé ó bọ́ sí i. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn alárìnjó ti ń fi aṣọ lásán di ọ̀nì àti erè lójú agbo, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè pé awọ rẹ̀ dà. Ìlù, orin àti ọkàn òǹwòran ló ń parí iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kì í bá ènìyàn mulẹ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò sún mọ́ ojú òṣèré; bí ọ̀dà àti ìbòjú bá hàn bí ọ̀dà àti ìbòjú, ọmọ yóò rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí ẹ̀rù ti bà á. Kí ó má baà rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń fi kún un, owó ńlá sì ni èyí ń gbà.

Àǹfààní katúùnù

Nínú katúùnù, ọwọ́ kan náà ló ya ọdẹ àti Agbákò, nítorí náà ọ̀kan kò ní dà bí ayédèrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Àwòrán kò sì ṣàjèjì sí ìwé yìí: nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, Bruce Onobrakpeya ló ya àwòrán inú rẹ̀.

Àwọn ọmọ wa ti fi hàn pé wọ́n lè ṣe é. Lady Buckit and the Motley Mopsters, katúùnù gígùn tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, jáde ní 2020. Ní oṣù kẹrin 2025, Iyanu bẹ̀rẹ̀ lórí Cartoon Network ní Amẹ́ríkà. Inú ìwé alálàwòrán tí Roye Òkúpè kọ ni wọ́n ti mú un, ilẹ̀ Yorùbá ayé àtijọ́ ló sì fi ṣe ibùdó ìtàn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n katúùnù ní àléébù tirẹ̀. Àwòrán mẹ́rìnlélógún ló máa ń wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo ti fíìmù, nítorí náà iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ni. Àwọn kan sì gbà pé ti ọmọdé nìkan ni, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ ìwà tí Fágúnwà fi sínú ìwé rẹ̀, tàgbà tèwe ló wà fún.

Ibi tí ènìyàn gidi ti dára jù

Ẹ wo Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2022. Kì í ṣe inú ìwé ni wọ́n ti mú un, àmọ́ ìtàn ìyanu ni. Ẹyẹ àkàlà jí òkú dìde nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́, ojúkòkòrò àti ìgbéraga ọmọ ènìyàn ló gba ìtàn náà kan. Irú èyí ń fẹ́ ojú òṣèré tí a lè rí omijé rẹ̀. Ènìyàn gidi náà ni Gina Prince-Bythewood yàn fún Children of Blood and Bone, ìwé tí Tómi Adéyẹmí tẹ̀ jáde ní 2018.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ọ̀rọ̀ ìtàn bá wà láàrin ènìyàn sí ènìyàn, kí òṣèré ṣe é. Bí iwin bá kún ojú ìwé bíi ti Fágúnwà, katúùnù ló yẹ ẹ́ jù.

Èdè ni kókó

Ìdí tó tóbi jù tí mo fi fara mọ́ katúùnù fún Fágúnwà ni èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe Iyanu. Ṣùgbọ́n adùn Fágúnwà wà nínú Yorùbá rẹ̀: àwàdà rẹ̀, àsọdùn rẹ̀, àti orúkọ bíi Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn. Nínú katúùnù, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gba ohùn sílẹ̀. Àgbàlagbà tó gbọ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá lè sọ̀rọ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin inú àwòrán. A lè fi Yorùbá ṣe é ṣáájú, kí a tún gba ti Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ lẹ́yìn náà fún àwọn tí kò gbọ́, láìjẹ́ pé ẹnu àti ọ̀rọ̀ ń ta ko ara wọn púpọ̀. Bí Yorùbá kò bá sí nínú rẹ̀, àwòrán tó dára lásán ló kù.

Ẹ má ṣe jẹ́ ká dúró de fíìmù kó tó dé. Ẹ̀yin òbí, ẹ ka ojú ìwé kan sókè fún àwọn ọmọ lálẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Tí ẹ bá kan Agbákò, ẹ fún wọn ní bébà àti pẹ́ńsù, kí wọ́n yà á bí wọ́n ti gbọ́ ọ. Nígbà tí àwọn aṣefíìmù bá wá gbé tiwọn dé, ọmọ wa yóò ti ní tirẹ̀ lọ́wọ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.