Owó kajú, géèmù àti kọ̀ǹpútà àtijọ́: ẹ ṣí i wò kí ẹ tó lọ sọ́jà

Ní Tchatchou, lójú ọ̀nà tó lọ láti Tchaourou sí Parakou, ọ̀dọ́kùnrin kan ta kajú rẹ̀, ó sì yọ 25,000 sẹ́fà sọ́tọ̀ nínú owó náà. Ó ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan, àlòkù tó ti pẹ́. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò máa wá gbá bọ́ọ̀lù orí rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí wọ́n sì máa san owó díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí géèmù bá ti bẹ̀rẹ̀, ṣe ni àwọn agbábọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ń wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tó wà nínú ẹrẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún un pé carte graphique ni kọ̀ǹpútà náà kò ní. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Parakou, ó ra ọ̀kan. Nígbà tó délé, káàdì náà kò wọlé: àpótí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, káàdì náà sì ga jù. Ẹni tó tà á fún un kò gbà á padà. Bẹ́ẹ̀, inú owó yẹn gan-an ni wọ́n ti fẹ́ san owó ilé-ìwé àbúrò rẹ̀ obìnrin. Bàbá wọn bínú, ìyá wọn dákẹ́.

A lọ bá a nílé, a bá a tú àpótí náà, a sì béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ohun tí a rí kọ́ ni a kọ sílẹ̀ yìí, kí owó ẹlòmíràn má baà ṣòfò. Kókó rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ẹ mọ ibi tí ẹ̀rọ yín ti ń falẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun sí i.

Èwo ló ń falẹ̀ nínú wọn?

Ẹ jẹ́ ká fi ìsọ̀ ọjà ṣe àpèjúwe. Processor ni ọlọ́jà fúnra rẹ̀, òun ló ń ṣírò. RAM ni àtẹ tó pàtẹ ọjà sí; bí àtẹ bá kéré, yóò máa sáré wọ yàrá ẹ̀yìn ṣáá. Disque dur ni yàrá ẹ̀yìn tó kó ẹrù sí. Carte graphique ni ayàwòrán tó ń ya gbogbo ohun tí ẹ ń rí lójú ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ pé àtẹ ló kéré, kí lẹ fẹ́ fi ayàwòrán tuntun ṣe?

Bó bá jẹ́ Windows 10 tàbí 11 ló wà lórí ẹ̀rọ yín, ẹ lè mọ̀ ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ṣí géèmù, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ìwé kan yóò jáde tó ń fi iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe hàn. Èyí tó bá dúró sí 100%, tàbí tó súnmọ́ ọn, nígbà tí géèmù ń lọ́ra, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ohun tí kò gba owó

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara eruku. Lásìkò ọyẹ́, eruku máa ń dí fáànù inú kọ̀ǹpútà. Bí processor bá gbóná jù, òun fúnra rẹ̀ ló ń dín eré kù kó má baà jóná. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ gbé e síta, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku náà. Ẹ fi ìka di fáànù mú kó má baà yí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú ètò géèmù, kí ẹ dín ìwọ̀n àwòrán kù. Àwòrán 1920 lọ́nà 1080 ní àmì 2,073,600 tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá sọ ọ́ di 1280 lọ́nà 720, ó di 921,600, kò tó ìdajì. Àwòrán náà kò ní mọ́ tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n eré yóò yá.

Bí owó bá wà, ibo la ó kọ́kọ́ ná an sí?

Bí RAM ẹ̀rọ yín kò bá ju 4GB lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. DDR3 kò lè wọ ihò DDR4, bẹ́ẹ̀ ni DDR4 kò lè wọ ti DDR3. Ẹ yọ èyí tó wà nínú ẹ̀rọ, kí ẹ mú un dání lọ sọ́jà. Méjì tó dọ́gba, 4GB àti 4GB, sábà máa ń dára ju 8GB ẹyọ kan lọ, pàápàá fún ẹ̀rọ tí kò ní carte graphique, nítorí inú RAM yìí kan náà ló ti ń yá àyè tó fi ń ya àwòrán. Bí Windows yín bá jẹ́ 32-bit, kò lè lò ju 4GB lọ. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ rẹ̀ sí 64-bit.

SSD tí a fi rọ́pò disque dur àtijọ́ máa ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tètè tàn, kí géèmù sì tètè ṣí. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní òun nìkan yóò mú kí agbábọ́ọ̀lù sáré, ẹ má gbà. Yàrá ẹ̀yìn lẹ tún ṣe, kì í ṣe ayàwòrán.

Carte graphique ni kí ó kẹ́yìn. Ihò tí a ń kì í bọ̀ kì í fún un ní iná tó ju 75 wáàtì lọ. GT 1030, tó jáde lọ́dún 2017, ń lo nǹkan bíi 30 wáàtì, kò nílò wáyà iná mìíràn. GTX 1650, ti ọdún 2019, lágbára jù ú lọ dáadáa, ó ń lo 75 wáàtì. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn ń béèrè wáyà iná mìíràn, èyí tí alimentation kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kì í sábà ní. Bí àpótí yín bá tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń pè ní low profile. Ibí yìí gan-an ni ọ̀dọ́kùnrin wa ti ṣìnà.

GT 1030 tún jẹ́ oríṣi méjì lábẹ́ orúkọ kan: ti GDDR5 àti ti DDR4. Ti DDR4 lọ́ra púpọ̀ ju èkejì lọ. Ayédèrú náà wà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí olùtajà fi káàdì náà sínú ẹ̀rọ, kó sì fi ètò tó ń jẹ́ GPU-Z hàn yín bóyá òun ni lóòótọ́.

Ìgbà tó yẹ ká dáwọ́ dúró

Bó bá jẹ́ processor ló ń dúró sí 100%, tí carte graphique kò sì ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, káàdì tuntun kò ní ràn yín lọ́wọ́. Ẹ tọ́jú owó yín. Ẹ rántí pẹ̀lú pé láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti dá àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò sì kún ojú òṣùwọ̀n Windows 11. Bí iná bá sì ń lọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, régulateur ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Síbẹ̀, ẹ má sáré ju ẹ̀rọ àtijọ́ sórí ààtàn, ẹ má sì dáná sun ún. Ní Cotonou, àwọn ọ̀dọ́ BloLab ti to ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àlòkù sínú kẹ́ẹ̀gì, ó sì ṣiṣẹ́. Ní Lomé, lọ́dún 2013, Kodjo Afate Gnikou fi àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ tí wọ́n ti jù nù ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan jáde ní gbígbọ́n bí ère.

Ọ̀dọ́kùnrin wa rí ẹnìkan tí àpótí kọ̀ǹpútà rẹ̀ fẹ̀, ó ta káàdì náà fún un ní 18,000 sẹ́fà. Ó pàdánù 7,000. Ó gbọn eruku, ó ra RAM kan tó dọ́gba pẹ̀lú èyí tó wà níbẹ̀, ó dín ìwọ̀n àwòrán kù. Géèmù bọ́ọ̀lù àtijọ́ ti ń yá níbẹ̀ báyìí. Àwọn tuntun kò tíì ṣeé ṣe, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Owó tó kù, ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ fún ilé-ìwé àbúrò rẹ̀.

Bàbá wọn kò tíì sọ pé géèmù dára. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a padà lọ kí wọn, ẹ̀yìn àwọn ọmọ náà la bá a tó jókòó sí, tó ń béèrè ta ló ń borí.