Ẹnà Àwọn Agbáwo

Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Irú ìlù bẹ́ẹ̀ ni àwọn agbáwo ń lù fún alásè ní àwọn ilé oúnjẹ kéékèèké ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bí oníbàárà bá béèrè ẹyin méjì tí a fọ́ sè nínú omi gbígbóná, tí a gbé lé búrẹ́dì yíyan, agbáwo a ké pé: "Ádámù àti Éfà lórí àsopọ̀ igi ojú omi!" Bí ó bá ní, "Pọn ọ̀kan!", kọfí ni.

Ẹ má ṣe rò pé ẹ̀fẹ̀ lásán ni. Nínú ariwo ìsáasùn àti epo tí ń hó, ọ̀rọ̀ kúkúrú tí kò jọ òmíràn ni alásè lè gbọ́ láìṣì í gbọ́. Àṣìgbọ́ kan ṣoṣo, oúnjẹ ṣòfò, inú oníbàárà sì bàjẹ́.

Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà kò tíì parẹ́. Ní Waffle House, tí a dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Georgia ní 1955, agbáwo a pe ẹran ṣáájú, lẹ́yìn náà pòtétò díndín, kí ó tó pe ìyókù. Alásè a wá fi àpò jáàmù kékeré àti irú rẹ̀ sórí àwo. Ibi tí ó gbé e sí ni yóò rán an létí ohun tí oníbàárà fẹ́.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni 86. Ní 1933, akọ̀ròyìn Walter Winchell tẹ ìtumọ̀ rẹ̀ jáde pé oúnjẹ kan ti tán. Nígbà tí ó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí lò ó fún oníbàárà tí a kò gbọdọ̀ tà fún mọ́.

Yorùbá náà ní ẹnà tiwa: "ẹ wá" lè di "ẹgẹ wágá". Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Kánò tàbí Kàdúná sì mọ bí ó ti ń rí lára nígbà tí àwọn méjì bá ń wo ojú ẹni, tí wọ́n ń sọ èdè tí a kò gbọ́. Ó yẹ kí a fi ìyàtọ̀ sí i. Ẹnà tí ó ń mú iṣẹ́ yá kò bú ẹnikẹ́ni. Èyí tí a fi ń bú àlejò lójú ara rẹ̀ ni kò dára. Kí a tó bínú, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè èyí tí ó jẹ́. Bí ó bá sì kan àwa náà láti sọ ẹnà lójú àlejò, kí a rántí pé òun náà ní etí.